Iná Wà, Agbára Kò Sí: Káráfáànù Tó Kọ̀ Tí Kò Gun Òkè ní Chatham

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin ni Bàbá pè mí. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Ọmọ mi, ó tún ti dúró o. Àárín òkè ló dúró sí. Ìyá rẹ ló ń fi òkúta dí táyà báyìí."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa háńbíréèkì, kí ẹ má fọwọ́ kan rólà. Ẹ jẹ́ kí Màmá kúrò lẹ́yìn ibẹ̀." Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo gbé àpótí irinṣẹ́, mo wakọ̀ láti Gillingham lọ sí Chatham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n ó gùn lójú mi lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó dúró sí àárín òkè yẹn wúwo tó 1,300 kílò, àwọn méjì tó dúró tì í sì ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ẹni tó bá mọ Chatham mọ̀ pé ìlú olókè ni. Odò Medway wà nísàlẹ̀, ilé sì tò gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sókè. Kọnkéré iwájú ilé àwọn Bàbá dà bí ìgbà tí èèyàn fi pákó gbára lé ògiri. Nígbà tí mo dé, ìdajì káráfáànù wà lórí títì, ìdajì wà lórí kọnkéré, ẹ̀yìn ló fi ń gùn ún, imú rẹ̀ kọjú sí títì. Bàbá di rìmóòtù mú lọ́wọ́ ọ̀tún, irin tí wọ́n fi ń tú rólà wà lọ́wọ́ òsì. Irin yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n fẹ́ tú rólà, irin tí ẹ̀rọ abẹ́ káráfáànù fi ń yí táyà, kúrò lára táyà kí wọ́n lè fọwọ́ tì í. Lórí òkè, rólà méjèèjì yẹn wà lára ohun tó ń di gbogbo ẹrù náà mú. Tí ẹ bá tú wọn, háńbíréèkì nìkan ló kù, tí kò bá sì mú dáadáa, káráfáànù lè yí sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ yẹn tó láti fọ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Mo gba irin náà lọ́wọ́ wọn, mo fi wẹ́jì rọ́bà dí táyà méjèèjì, a so imú rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ Bàbá. Ìgbà tó so tán pátápátá la tó tú rólà, a sì fà á sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ sí ibi tó tẹ́jú.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí i rí. Káráfáànù ni ilé kékeré onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀dì, kíṣìnì, ilé ìwẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn Bàbá ra tiwọn ní tòkunbọ̀ lẹ́yìn tí Màmá fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì, kí wọ́n lè máa kó àwọn ọmọ-ọmọ lọ sí etí òkun ní Isle of Sheppey nígbà ọ̀lidé. Ìṣòro káráfáànù ni pé tí ẹ bá ti tú u kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, kò ní ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ lẹ máa fi tì í wọ àyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní mover. Ẹ̀rọ méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Kálukú ní rólà irin kan tó máa ń gbá mọ́ ara táyà, tó sì ń yí i. Bátìrì 12 fóòtì (volt) inú káráfáànù ló ń fún wọn lágbára, rìmóòtù ọwọ́ ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún wọn. Láàárín bátìrì àti ẹ̀rọ ni àpótí ìdarí wà. Òun ló ń gba àṣẹ rìmóòtù, òun náà ló ń pààrọ̀ pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kó lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní wáyà ńlá méjì tirẹ̀, kì í fi ara irin ṣe ẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tí iná ń gbà padà, bíi ti gílóòbù ọkọ̀.

Owó ti bá a lọ kó tó kàn mí. Ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó ní bátìrì ti kú. Wọ́n ra tuntun, 110 ámpù-wákàtí (ìwọ̀n iná tó lè gbé pa mọ́), ó lé ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Ó gun òkè lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bátìrì náà dé, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó tún dúró. Ẹni kejì ní àpótí ìdarí ló bàjẹ́. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 pọ́n-ùn. Wọ́n dán an wò lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ní ibi tí wọ́n ń gbé káráfáànù pa mọ́ sí, ó yí, ó rìn, gbogbo èèyàn ṣe ẹ kú iṣẹ́. Ó délé, ó dúró síbi tó ti ń dúró tẹ́lẹ̀. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí ẹni tó fi mítà wọn wáyà nígbà tí ẹ̀rọ ń ru ẹrù. Gbogbo ìwọ̀n tí wọ́n wọ̀n, ìgbà tí ẹ̀rọ ń sinmi ni.

N kò ṣí ohunkóhun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo jókòó ní kíṣìnì, Màmá gbé tíì wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀.

"Bàbá, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ńkọ́?"

"Kò síbi tí kì í lọ. Ó lè yí gbogbo pápá yẹn po lẹ́ẹ̀mejì."

"Tó bá fẹ́ dúró, kí ló máa ń ṣe?"

"Á kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà rìmóòtù á tan iná pupa, á ké pí-pí-pí, ó tán."

"Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ kúrò lórí iná tó ń gbà?"

"Háà, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ó máa ń gbìyànjú díẹ̀ sí i."

Màmá dá sí i láti ìdí síńkì. "Mo sì ti sọ fún wọn pé mo gbóòórùn kan lábẹ́ àga inú ibẹ̀ lọ́jọ́sí. Bí ìgbà tí rọ́bà bá ń jó."

"Gáàsì lo gbóòórùn rẹ̀," Bàbá ní.

"Gáàsì kọ́. Mo mọ òórùn gáàsì."

Mo kọ ọ̀rọ̀ Màmá sínú ìwé mi, mo fa ìlà sí i nídìí. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú aláìsàn ní wọ́ọ̀dù, tó bá ní òun gbóòórùn nǹkan, nǹkan wà níbẹ̀.

Àwọn ìdáhùn yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kì í mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú. Rìmóòtù tí bátìrì rẹ̀ ti kú kì í dúró de òkè. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹrù bá fúyẹ́, tó ń kọ̀ nígbà tí ẹrù bá wúwo, agbára ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó. Tí bátìrì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, fóòtì rẹ̀ á wà lókè díẹ̀, ó lè ju 13 lọ kó tó rọlẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù lókè yẹn ló ń ràn án lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tuntun fi dà bí oògùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo padà síbẹ̀. Bátìrì ti sun mọ́jú láìsí iná lára rẹ̀, mo sì wọ̀n ọ́n: 12.7 fóòtì. Bátìrì tó kún ni. Mo gbé mítà lọ sí ẹnu àpótí ìdarí, níbi tí wáyà bátìrì ti wọlé: 12.7. Mo yí mítà sí ibi tó ń ké, mo já wáyà pọ́sítíìfù lẹ́nu méjèèjì, mo fi ìka mítà kàn án: pẹ́ẹ̀, ó ké. Lójú ẹni tó bá fẹ́ kánjú, wáyà yìí pé.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ rewáyà, iṣẹ́ títún iná ọkọ̀ ṣe, ní Gate n'Íbàdàn, ọ̀gá mi kò ní mítà. Gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ kan ló ní, tó jó wáyà méjì mọ́ lẹ́nu. Ó máa ń ní mítà lè parọ́, gílóòbù kò mọ irọ́ pa. Òótọ́ wà níbẹ̀. Mítà kì í mu iná, ó kàn ń wò ó ni. Tí okùn bàbà kan ṣoṣo bá kù nínú wáyà tó nípọn tó àtàǹpàkò, mítà á rí 12.7 pérépéré. Gílóòbù ní tirẹ̀ ń mu iná, tí wáyà bá ní páṣà, ìyẹn ibi tí kò ti fẹnu kanra dáadáa, á ràn bàìbàì. Mo ṣì ní gílóòbù bẹ́ẹ̀ nínú àpótí irinṣẹ́ mi. Mo fi kan ẹnu àpótí ìdarí. Ó mọ́lẹ̀ yòò.

Ibẹ̀ ni mo ti ní láti ro ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi síwájú sí i. Gílóòbù 55 wáàtì kì í mu tó 5 ámpù, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn gba inú wáyà. Ẹ̀rọ méjèèjì tó ń ti 1,300 kílò gun òkè ń mu 60, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Wáyà tó lè gbé 5 láìfọhùn lè dákú lábẹ́ 60. Ẹ wo ẹ̀rọ omi tí yanrìn dí páìpù rẹ̀ lọ́nà. Tí ẹ bá ti ẹnu rẹ̀ pa, omi inú rẹ̀ le kankan. Tí ẹ bá ṣí i díẹ̀ fi bu omi mu, kò sí wàhálà. Ẹ wá gbé dúrọ́ọ̀mù síbẹ̀, kí ẹ ṣí i tán, ibẹ̀ ni á ti máa ṣe tó, tó, tó. Ẹrù tí wáyà ń rù lójú iṣẹ́ la gbọ́dọ̀ fi dán an wò. Ohun tí mo mú dání lọ sí Chatham lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, òun náà ló sì mú kí n má ra ohun tí kò bàjẹ́ sí ilé onílé.

Bí mo ṣe ṣe é rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ẹrù tó wúwo ni. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà nítòsí rólà tàbí nísàlẹ̀ òkè nígbà tó bá ń rìn. Mo na wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn láti orí bátìrì àti láti ẹnu àpótí ìdarí wá sí ẹnu ọ̀nà káráfáànù, mo gbé mítà méjì sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tó lè rántí ìwọ̀n tó kéré jù tó rí. Mo fi mítà àgbámú, irú èyí tó ń gbá wáyà mú láìjá a, sí wáyà bátìrì kó máa ka ámpù. Bàbá dúró lápá òkè pẹ̀lú rìmóòtù. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń fa wẹ́jì tẹ̀ lé táyà bó ṣe ń gòkè, kí ó má bàa jìn ju ìka mẹ́rin lọ sí i. Màmá wà lójú fèrèsé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wà níbẹ̀.

Ó gbéra, ó gun òkè bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, pí-pí-pí. A fa háńbíréèkì, mo ti wẹ́jì mọ́lẹ̀, mo lọ wo mítà. Ámpù: 60. Lórí bátìrì: 12.0. Lẹ́nu àpótí ìdarí: 9.6.

Fóòtì 2.4 ti sọnù lójú ọ̀nà. Bátìrì ò ṣẹ̀, 12.0 lábẹ́ irú ẹrù yẹn dára. Àpótí ìdarí náà ò ṣẹ̀. Wọ́n ti ṣe é kí ó pa ara rẹ̀ tí fóòtì bá ti wálẹ̀ tó bíi 10, kó má bàa fa bátìrì gbẹ. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ń ṣe, tí wọ́n fi yọ èyí àkọ́kọ́ dànù. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú mo tún wọ̀n ọ́n: 25 ámpù péré, ohun tó sọnù jẹ́ fóòtì 1, 11.4 ló ń dé àpótí. Ó ń lọ láìrojọ́. Wáyà kan náà, bátìrì kan náà.

Láti ibẹ̀, iṣẹ́ kù sí pípín ọ̀nà sí wẹ́wẹ́. Dípò kí n fi ìka mítà kan sórí pọ́sítíìfù kí n fi ìkejì sórí nẹ́gétíìfù, mo fi méjèèjì sórí wáyà kan náà, ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lópin. Tí wáyà bá dára, kò yẹ kó rí nǹkan kan tó tóbi, torí kò yẹ kí fóòtì sọnù níbẹ̀. Ohun tí mítà bá kà ni ohun tí ibẹ̀ ń jẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la gun òkè yẹn díẹ̀díẹ̀, tí a ń sinmi láàárín kí ẹ̀rọ lè tutù. Gbogbo apá nẹ́gétíìfù láti bátìrì dé àpótí jẹ 0.3. Ìyẹn bọ́ sí i fún wáyà 16 mm² tó gùn tó mítà mẹ́rin. Gbogbo apá pọ́sítíìfù jẹ 2.1. Láti orí bátìrì sí fíúsì jẹ 0.03. Fíúsì pẹ̀lú ilé rẹ̀ jẹ 0.12. Swíìṣì ńlá tó ń já iná jẹ 0.35. Láti swíìṣì dé àpótí ìdarí jẹ 1.6.

Mo sì tún ṣe àṣìṣe. Nígbà tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan swíìṣì, ó gbóná. Ọ̀gá mi kọ́ wa pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti kíìkì ẹ́ńjìnnì tó ń rẹ̀ ẹ́, kí ẹ fọwọ́ kan orí bátìrì, ibi tó bá gbóná ni àìsàn wà. Ọwọ́ mi rí ooru, ojú mi fi 1.6 sílẹ̀. Mo rò ó pé kí n kọ́kọ́ yanjú èyí tó wà lójú gbangba, torí swíìṣì náà kò wọ́n, ó sì ti jẹ. Mo ra tuntun lọ́jọ́ Ajé, mo fi sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. 0.35 di 0.04. Káráfáànù fi ìṣísẹ̀ kan kún ti tẹ́lẹ̀, 9.9 ló dé àpótí, ó tún dúró. Ooru tí ọwọ́ kàn jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè kan ohun tó fara pamọ́. Nọ́ńbà ti sọ ibi tí èyí tó tóbi wà, mo sì yẹ kí n ti lọ síbẹ̀ ní tààrà. Mo san owó swíìṣì náà fúnra mi.

Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ Màmá. Mo ní, "Màmá, àga wo?" Wọ́n wọlé, wọ́n fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí i. Mo gbé tìmùtìmù kúrò, mo ṣí pákó. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ihò tí wáyà pọ́sítíìfù gbà jáde lọ sábẹ́ káráfáànù. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yìí sí i mú wáyà jáde síta, ó tò ó mọ́ irin abẹ́ káráfáànù nínú páìpù rọ́bà dúdú, ó tún mú un wọlé padà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó yá a, kò ní láti tú pákó inú ilé. Ṣùgbọ́n abẹ́ káráfáànù ní ilẹ̀ yìí jẹ́ ibi tí omi iyọ̀ wà. Nígbà òtútù wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín má bàa dì, etí òkun Sheppey sì fi tirẹ̀ kún un.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé káráfáànù sórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin níbi tó tẹ́jú. N kì í wọ abẹ́ ohun tí jáàkì nìkan gbé. Mo já nẹ́gétíìfù bátìrì kúrò kí n tó ṣe ohunkóhun. Mo tẹ́ ẹní, mo wọlé sábẹ́ rẹ̀, mo ń fọwọ́ tẹ páìpù náà láti òpin kan lọ sí èkejì. Ní ìsàlẹ̀ ihò àga yẹn, bí ìbú ọwọ́ méjì síwájú, páìpù wú. Mo là á pẹ̀lú ọ̀bẹ. Téèpù dúdú ni, ìlọ́po bíi mẹ́wàá. Àwọn ti ìta rọ̀, tinú ti pọ́n, ó le bí awọ gbígbẹ. Òórùn rọ́bà jíjó náà nìyẹn. Omi kán sí mi lójú nígbà tí mo tú èyí tó kẹ́yìn.

Wáyà náà kò gùn tó, ẹni tó fi sí i so ó pọ̀. Ó ti àwọn ẹnu méjèèjì bọ inú irin kótópó kan tó fẹ̀ jù fún un, ó fi púláyà lásán fún un. Nígbà tí mo fà á, apá kan bọ́ sí mi lọ́wọ́. Bàbà inú rẹ̀ ti di eruku aláwọ̀ ewé, bí ewúro gbígbẹ tí wọ́n gún. Lábẹ́ eruku yẹn, okùn tó ṣì pọ́n tó sì ń dán kò tó ogún nínú gbogbo ọgọ́rọ̀ọ̀rún okùn tó wà níbẹ̀. Àwọn yẹn ló ń gbé iná káráfáànù látọjọ́ yìí. Mo gé wáyà náà padà, mo tún gé e, mo tún gé e. Ó tó gígùn ọwọ́ mi láti ìka dé ìgúnpá kí n tó rí bàbà tí kò dúdú. Omi ti gba inú rọ́bà wọ wáyà bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà.

Mo pe Bàbá wá wò ó. Wọ́n dì í mú, wọ́n yí i sí ìmọ́lẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ohun tó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn lọ́wọ́ mi nìyí?"

Mo ṣírò rẹ̀ fún wọn lórí páálí. Wáyà 16 mm² tó dára, mítà mẹ́rin, yóò jẹ bíi 0.26 fóòtì lábẹ́ 60 ámpù. Tiwọn ń jẹ 1.6. Ìsopọ̀ yìí nìkan ló ń jẹ 1.34 tó kù. Ẹ pín 1.34 sí 60, ó jẹ́ 0.022 óòmù, ìyẹn ìwọ̀n ìdènà tí iná ń bá pàdé. Kékeré ni, kò sí mítà ọwọ́ lásán tó lè kà á. Ẹnu wáyà mítà fúnra rẹ̀ ju ìyẹn lọ, ìdí nìyẹn tó fi ké pẹ́ẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ wá fi 60 sọ 1.34 di púpọ̀: 80 wáàtì. Bí ẹni tan gílóòbù àtijọ́ tó tóbi, tó sì fi téèpù wé e, tó gbé e sábẹ́ ilé onípákó. Tó bá jẹ́ pé ó ń rìn fún wákàtí kan dípò ìṣẹ́jú méjì, n ò mọ bí à bá ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ náà lónìí. Fíúsì kò ní gbèjà yín níbẹ̀, torí ámpù kò pọ̀ ju èyí tí fíúsì gbà láyè. Wáyà tó brídìì, tí pọ́sítíìfù kan nẹ́gétíìfù, ni fíúsì ń ṣọ́. Páṣà kì í já a.

N kò tún ìsopọ̀ yẹn ṣe. Àwọn kan á ní kí n fọ̀ ọ́, kí n fi lẹ́ẹ̀dì jó o, kí n tún fi téèpù tuntun wé e. Wáyà tí omi ti wọ̀ kò tún ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, mi ò sì rí ìdí tí ìsopọ̀ kankan fi yẹ kó wà lábẹ́ káráfáànù níbi tí omi àti iyọ̀ ń ta sí. Mo ra wáyà 25 mm² tuntun, ọ̀kan ṣoṣo láti swíìṣì dé àpótí, mo sì pààrọ̀ nẹ́gétíìfù pẹ̀lú rẹ̀. Inú ilé ni mo mú un gbà, lábẹ́ àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ó gba ọ̀sán gbogbo, torí mo ní láti tú pákó mẹ́ta, kí n sì fi rọ́bà sí etí ihò kọ̀ọ̀kan kí igi má bàa gé ara wáyà. Ẹ̀mú ńlá tí wọ́n fi epo ń tẹ̀ ni mo fi fún lọ́ọ̀gù, irin olójú tí wọ́n fi ń de wáyà, mọ́ ẹnu wáyà. Mo wá fi rọ́bà tó ní gọ́ọ̀mù nínú bò ó, mo fi iná ràn án títí gọ́ọ̀mù fi yọ létí. Fíúsì wà níbi tó wà, ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an. Ẹ má gbé e jìnnà. Wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, bátìrì irú èyí sì lè tú ọgọ́rùn-ún ámpù lọ́nà mélòó kan jáde lẹ́ẹ̀kan náà tí irin bá fi lè kan irin. Mo fọ ẹnu fíúsì, mo dì í.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ̀ nígbà tí a gbé e padà sí ẹsẹ̀ òkè. Ipò kálukú bíi ti tẹ́lẹ̀, Bàbá lókè, èmi àti wẹ́jì lẹ́gbẹ̀ẹ́, Màmá lójú fèrèsé. Ó gbéra. Ó kọjá ibi ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó kọjá kẹrin, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó gun gbogbo rẹ̀ dé iwájú gáréèjì, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn gíláàsì, a kò gbọ́ ọ ṣùgbọ́n a rí ọwọ́ wọn. Mítà: 60 ámpù, 12.0 lórí bátìrì, 11.5 lẹ́nu àpótí. Ohun tó ń sọnù ti kúrò ní 2.4, ó ti di 0.5.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan kù. Bó ṣe ń gòkè, ó ń fà sí òsì díẹ̀. Bàbá ti fẹ́ bínú. Mo pààrọ̀ wáyà ẹ̀rọ ọ̀tún àti tòsì lẹ́nu àpótí ìdarí, kí n lè mọ̀ bóyá àìsàn á bá wáyà rìn. Kò bá a rìn, táyà òsì náà ló ṣì ń lọ́ra. Nítorí náà kì í ṣe àpótí. Mo dá wáyà padà sáyè wọn, mo fi gééjì wo táyà. Táyà òsì ti rọ̀, rólà ń rì sínú rẹ̀ dípò kó máa yí i. A fún un lẹ́fẹ̀ẹ́, ó tọ́.

Màmá ní kí n má lọ kí n tó jẹun. Nígbà tí wọ́n ń bu oúnjẹ, mo padà sínú káráfáànù, mo ṣí àpótí bátìrì, mo lẹ téèpù funfun mọ́ inú ìdérí rẹ̀, mo fi bírò kọ ọ́ sí i: "Lórí òkè, 60 ámpù: bátìrì 12.0, àpótí ìdarí 11.5. Wáyà inú ilé ni, kò sí ìsopọ̀." Mo kọ ọjọ́ oṣù sí i nísàlẹ̀, fún rewáyà tó bá tún máa ṣí ibẹ̀.